Iyàrá Iwájú Nílé Baba Òǹkọ̀wé

Náírà kan péré ni ìdì ẹ̀pà mi, ṣùgbọ́n baba náà kò ní í rà á àfi tí mo bá jókòó gbọ́ ohun tó kọ. Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ oko nígbà náà. Iyàrá iwájú ilé rẹ̀ ń rùn fún tádàwà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ a máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹyẹ tó ń sọ igi.

"Ìyá ẹlẹ́pà, gbọ́ èyí." Ó wá kà á: "'Ìyá aláṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín owó aṣọ yìí kù.'"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Baba, ṣé oníbàárà nìyí àbí alágbe? Ẹni tó fẹ́ rajà á kọ́kọ́ bú u ni! Á ní, 'Aṣọ tó ti ṣá yìí?' Á wá ṣe bí ẹni ń lọ."

"Aláṣọ ńkọ́?"

"Á jẹ́ kó dé ibi gọ́tà kó tó pè é."

Baba rẹ́rìn-ín títí jígí fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi ìlà pa gbogbo ojú ewé náà rẹ́. Ó ra ìdì méjì, ó sì da ẹ̀pà náà fún ewúrẹ́ aládùúgbò, eyín tó fẹ́ fi jẹ ẹ́ dà?

Ó ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àkọ́bí rẹ̀ ní òun fẹ́ wó iyàrá yẹn kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí n má purọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ sáré sanwó. Abẹ́ agboòrùn ti sú mi.

Àbúrò àkọ́bí náà obìnrin, tíṣà ni, wá bá mi. "Àǹtí, a fẹ́ kí ilé Baba di ilé ìkàwé fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀yin nìkan lẹ ti sanwó ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ní dandan, bọ̀ọ̀dá mi á wó o. Wọ́n ti náwó yín o."

"Wọ́n fi ṣe kí ni?"

"Wọ́n fi tún ọkọ̀ ṣe."

"Ọkọ̀ ọ̀hún ńkọ́?"

"Kò tíì rìn, mà."

Mo bú bọ̀ọ̀dá rẹ̀, mo bú ọkọ̀ mọ́ ọn.

Mi ò lè ka ojú ewé kan tán láì sinmi, jàre. Síbẹ̀, tí alákọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀, etí mi ti ń wá ibi tó ti purọ́. Baba ló kọ́ mi. Láti ìgbà náà, kò sí alákọ̀wé kankan tó tún bi mí bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó rí.

Mo ní kí tíṣà mú bébà wá. Mo tẹ̀ka pé mi ò gba ṣọ́ọ̀bù mọ́, mi ò sì bèèrè owó mi padà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ló bá a lọ.