Rédíò Tí A Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Gbọ́

Ẹni méjì ni rédíò wa ń fẹ́ kí a tó lè gbọ́ ọ. Ọkọ mi, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Èrìjìyàn, ni ó fa wáyà láti ara dáínámò kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú rédíò, nígbà tí bátìrì wọ́n bí ojú. Yóò da kẹ̀kẹ́ náà dorí kodò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ yí pẹ́dà. Èmi a fi etí ti rédíò, nítorí ariwo táyà ju ohùn rẹ̀ lọ. Ohun tí mo bá gbọ́ ni mo máa ń sọ fún un. Mo tilẹ̀ máa ń fi irọ́ díẹ̀ sí i, òun náà sì mọ̀.

Nígbà tí kòkó kò ta mọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá mọ́. Ó ní òun ń lọ sí Òkìtìpupa, wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún epo. Ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bí mo bá ti rí ilé, n ó kéde lórí rédíò, n ó dá ọjọ́ tí a ó pàdé ní gáréèjì Àkúrẹ́. Lẹ́tà lè sọnù. Ṣáà máa gbọ́ ìkéde aago mẹ́rin."

Èmi tí n kò bímọ, tí n kò ní ará kankan nílùú yẹn, kí ni mo tún ní í ṣe ní aago mẹ́rin? Ojoojúmọ́ ni mo ń pa ìránṣọ mi tì, tí mo ń yí pẹ́dà. Bí mo bá yára yí i, ariwo a bò mí létí. Bí mo bá rọra yí i, rédíò a máa kùn bí ẹni tó ń sunkún. Ìyá onílé wa ní, "Ìyàwó, jẹ́ kí n bá ọ yí i, kí o lè gbọ́." Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Agídí ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọkọ mi kò tíì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀: ìkéde tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń gbọ́ ni mò ń fi pamọ́ fún ìyá onílé. Bó bá tún fi èdè Èkìtì rẹ̀ bẹ̀ mí, èmi a ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo gbọ́ "Èrìjìyàn". Mo gbọ́ "aránṣọ". Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù dáadáa, mo bá fi pẹ́dà sílẹ̀, mo sáré fi etí ti rédíò.

Táyà dúró. Rédíò náà dákẹ́.

Kí n tó padà yí i, wọ́n ti bọ́ sórí ìkéde òkú ẹnìkan. Mo lọ káàkiri àdúgbò, mo ń bi àwọn tó ní rédíò. Àwọn kan wà lóko, àwọn yòókù kò ní bátìrì. Mo ní wọn yóò tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Wọn kò tún un sọ.

Lẹ́tà rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì. "Mo dúró dè ọ́ ní Àkúrẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti yé mi. Má ṣe wá mi." Mo kọ̀wé padà, mo ro ẹjọ́ pẹ́dà. Kò fèsì. Ẹni tó ti mọ̀ pé mo máa ń fi irọ́ sí ọ̀rọ̀ rédíò, ṣé ó máa gba ìyẹn gbọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ pe ìyá onílé pé kó wá bá mi yí i. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbọ́. Ó yí i dáadáa. Mo fi etí ti rédíò, mo gbọ́ ìkéde ọjọ́ náà ní kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan. Kò sí tiwa níbẹ̀.