Oníṣẹ́ Òṣùpá Tó Wà Nílé Mi

Àárọ̀ ni ojú máa ń tì mí jù, nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi, ní St. George ní Staten Island, tí mo bá gbójú sókè rí ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ni mo ti fi ẹnu ara mi sẹ́ ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó yọ ọ̀bẹ sí mi o. Ẹnu mi yìí náà ni, ẹnu tí ìyá mi ti sọ láti kékeré pé yóò kó bá mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Ìyá àgbà kan ni mò ń tọ́jú ní St. George, ará Ìjẹ̀bú, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Láti Laurelton níbi tí mò ń gbé, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì, mo máa ń wọ tírénì, kí n tó wá wọ fẹ́rì. Bí mo bá dé, màá kúnlẹ̀ kí Màmá, màá wẹ̀ wọ́n, màá po ògì fún wọn, a ó sì jọ máa bá tẹlifíṣọ̀n jà. Wákàtí mẹ́jọ ni ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún ìtọ́jú wọn lójúmọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé pé wọ́n ti gé e sí mẹ́rin. Ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí ń gbé ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Ìtumọ̀ lẹ́tà yẹn ni pé bí mo bá ti lọ lọ́sàn-án, orí àga kan náà, nínú ìlédìí kan náà, ni Màmá yóò wà títí aládùúgbò kan yóò fi wá gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ń fi ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rán lọ sí òṣùpá hàn wá, tí iná ń bù yẹ̀rì nídìí rẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n tún wo lẹ́tà ọwọ́ wọn.

"Wọ́n rówó lọ òṣùpá," ni wọ́n wí. "Wọn ò rówó ẹni tó máa wẹ̀ mí."

Mo ní, "Ẹ ṣáà máa wò wọ́n, Màmá. Kí ni wọ́n gbàgbé síbẹ̀?"

Irọ́ ti wà nínú ọ̀rọ̀ mi yẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí, ń ṣe ìwádìí eruku òṣùpá ní yunifásítì kan ní Manhattan, owó ìjọba yìí náà ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún mi lórí tábìlì ìdáná wa. Ó ní eruku náà mú bí àfọ́kù ìgò, ó ń ya aṣọ, ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́, ohun tí kò ní jẹ́ kó máa lẹ̀ mọ́ nǹkan ni àwọn ń wá. Mo fẹ́ràn kí n máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì tí mo fi wà lọ́dọ̀ Màmá, bí wọ́n bá bi mí pé kí lọmọ mi ń ṣe, èsì kan náà ni: "Ó ń kàwé, Màmá. Ẹ máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ọmọ tó bá ń ṣe dáadáa, a kì í pariwo rẹ̀. Ènìyàn ò fẹ́ ká rẹrù ká sọ̀, orí ẹni ní í sọni. Nígbà tí mo lóyún rẹ̀, oyún ti pé oṣù mẹ́fà kí n tó jẹ́wọ́ fún àwọn ará ìjọ wa, àwọn tí wọ́n lójú, tí wọ́n sì ti rí ikùn mi tipẹ́. Nígbà tó wọ ibi iṣẹ́ òṣùpá yìí, mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì bẹ àlùfáà pé kí wọ́n kàn kéde pé fún oore kan ni.

A wá gbọ́ pé aṣojú àdúgbò nílé ìgbìmọ̀ ìlú yóò wá sí ilé ìkàwé lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ibẹ̀. Màmá kò lè lọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn fún mi ní Yorùbá, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì gbé e wálé fún ọmọ mi kó bá mi sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó dára. Nígbà tó dé ibi tí Màmá ti ní kí wọ́n bù nínú owó òṣùpá fi tọ́jú àwọn arúgbó, ó dá ọwọ́ dúró.

Mo ní, "Yọ ibẹ̀ kúrò tó o bá fẹ́."

Ó mi orí. "No, Mummy. Ọ̀rọ̀ Grandma ni. Wọ́n ní right láti sọ ọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́, kò yọ ohun kan kúrò. Ó ní òun máa wá gbọ́ bí mo ṣe máa kà á. Mo rò pé ó ń ṣeré ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún. Mo dìde, mo ka lẹ́tà náà. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n pàtẹ́wọ́. Iṣẹ́ tí Màmá rán mi ti parí níbẹ̀, ǹ bá jókòó. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Láti ọdún tí mo ti ń gbé nílùú yìí, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi rí? Mo bá fi tèmi kún un. Mo ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òṣùpá yìí, ọmọ tí kò mọ ìyà ni gbogbo wọn, owó àwọn arúgbó ni wọ́n ń kó fi ṣeré iyanrìn. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Aṣojú náà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, bi mí pé ṣé mo mọ ọ̀kankan nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí àwọn náà ní ìyá tó ń darúgbó nílé. Ìbéèrè náà kò le. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé èèyàn pọ̀ níbí, ojú pọ̀.

"Rárá o," ni mo wí. "N kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Kò sí irú wọn nílé mi."

Bí mo ṣe yíjú, mo rí ọmọ mi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé fọ́ọ̀nù sókè, ó ń ya fídíò mi. Ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ìgbà tí mo jókòó.

A jọ wọ fẹ́rì padà ni. A dúró níta, a di irin mú, atẹ́gùn ń fẹ́ wa.

Mo ní, "Nítorí ayé ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. O mọ̀ pé ojú pọ̀ níbẹ̀."

"Ayé wo, Mummy? Àwọn èèyàn yẹn ò mọ̀ mí." Ó yíjú sí mi. "Àbí iṣẹ́ mi ń tì yín lójú ni?"

Èmi elẹ́nu, omi ni mo tẹjú mọ́ títí fẹ́rì fi gúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo wẹ Màmá, mo kúnlẹ̀ fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo rò pé wọ́n á ní kò burú, pé abiyamọ ni mí.

"Ọdún méjì," ni wọ́n wí. "Ìhòòhò mi lò ń rí láràárọ̀. Ìwọ wá ń fi ọmọ pamọ́ fún mi. Ṣé èmi ni ayé?"

"Ẹ máà bínú, Màmá."

"Ọmọ yẹn ló kọ lẹ́tà mi?"

"Òun ni, mà."

"Ó sì fi ọ̀rọ̀ òṣùpá síbẹ̀?"

"Ó ní ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. "Sọ fún un pé n ò yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Wákàtí mi ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n dá wákàtí méjì padà fún Màmá nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá bi mí lónìí ibi tó yẹ kí owó ìlú lọ, n kò lè búra. Bí mo bá bá Màmá nínú ìlédìí tútù, ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Bí ọmọ mi bá sì ń sọ̀rọ̀ eruku rẹ̀, tí oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn òun náà ni mo wà. Àwọn méjèèjì sọ tinú wọn fún ara wọn, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín ni mo purọ́.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, yunifásítì ọmọ mi ní kí àwọn òbí wá wo ibi iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin onírun funfun kan, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ti fẹ́ sọ pé ilé ìwòsàn ni mo wà, nítorí ta ló ń dárúkọ ìdí arúgbó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n? Ọmọ mi ti gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó sọ ọ́ tó gbogbo wọn ń gbọ́: ìyá òun ló ń wẹ ìyá àgbà kan ní Staten Island láràárọ̀, ó ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, ó ń bọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba gé wákàtí wọn, ìyá òun ló lọ dúró níwájú aṣojú. Ó ní òun ní fídíò rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí òun wò ó. Mo rántí ohun tí mo sọ lẹ́yìn àtẹ́wọ́ yẹn. Ọmọ mi tẹ fọ́ọ̀nù, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà Màmá, ó kà á dé ìlà òṣùpá, ó kà á tán. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Kí àtẹ́wọ́ náà tó rọlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dá fídíò dúró, ó ti fọ́ọ̀nù bọ àpò.

Ó ní ibẹ̀ ló parí sí.