Ahunṣọ Kan, Ọmọ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, bí ẹnikẹ́ni bá gba ipò kìíní mọ́ mi lọ́wọ́ ní kíláàsì, oúnjẹ kì í wọ ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ọmọ. Òjòwú ni mí, láti ìgbà náà dòní. Ọmọbìnrin kan tó wá láti Ṣakí, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló máa ń gbà á. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń lọ ilé kéwú, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Síbẹ̀ bí wọ́n bá ti yìn ín, inú mi á bàjẹ́ kanlẹ̀.

A jọ dàgbà, a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní àwọn ọdún 1980. Lọ́dún tí a fẹ́ parí, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn máa gbà síṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bá dáa jù. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ ipò yẹn tó. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni àwa méjèèjì sì lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Ó wá ku bí a ó ṣe ṣírò ìdáhùn wọn. Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú yan èyí tó bá wù ú: kí ó fi ọwọ́ ṣe é, tàbí kí ó gbé e lọ sí kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi bíi yàrá, káàdì tí wọ́n lu ihò sí lára ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi? Ta ni mo mọ̀? Mo gbé pẹ́ńsù mi, mo ń ka ìdáhùn ní márùn-ún márùn-ún, mo ń fa igi mẹ́rin, mo ń fi ìkarùn-ún dábùú wọn, títí ìka mi fi wú. Nígbà tí òun gbé ìwé gbọọrọ tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ dé, tó mọ́ tónítóní, ó ṣe mí bíi kí n fà á ya.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo mọ àwọn ará ilé yín. Bá mi wò ó, ṣé ó dáa?"

Mo wò ó. Ojú mi bọ́ sórí ìlà kan: tí a bá pín in dọ́gba, ahunṣọ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bi àwọn bàbá wa pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ló ni wọ́n." Nínú ìwé tèmi, ìlà lásán ni mo fà síbi tí wọn kò ti dáhùn. Òun kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa kọ síbi tí kò bá sí ìdáhùn, ṣùgbọ́n ó gbàgbé káàdì tó máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀rọ náà sì ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye ọmọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ kí a tó lọ ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tún un ṣe. Mo ká ìwé náà, mo ní, "Ó dáa gan-an ni."

Lọ́jọ́ tí a dúró níwájú àwọn olùkọ́, ọ̀kan nínú wọn bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ní, "Ṣé èèyàn ni àwọn ahunṣọ yìí ni, àbí eku?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kò wo olùkọ́ náà. Èmi ló ń wò. Mo yí ojú sí fèrèsé. Èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́. Òun padà sí Ṣakí, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò. Kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ náà rí.

Ẹ wo bí ayé ṣe yí padà. Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ní, "Màmá àgbà, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fowó rà ni kí n fi ṣírò iṣẹ́ ìwádìí mi ni, àbí ọ̀fẹ́?" Mo ní èyí tó bá mọ̀ ọ́n lò ni kí ó mú, ṣùgbọ́n kí ó fi èsì rẹ̀ han ẹni tó mọ ìṣirò, tí kò sì ní jowú rẹ̀. Ó ní ta nìyẹn. Mo júwe ilé ọ̀rẹ́ mi ní Ṣakí fún un.

Ó lọ, ó bọ̀. Ó ní màmá náà rí àṣìṣe kan lójú ìwé kejì, ó sì jókòó ti òun títí òun fi tún un ṣe. "Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa, Màmá àgbà."

Ohun tí mo fi dù ú, òun náà ló ṣe fún ọmọ mi. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Ẹ̀yin ọmọ, mo ṣì ń jowú rẹ̀ o. Ọkàn rẹ̀ ni mo ń jowú báyìí.