Ẹni Tó Ni Ọfà

Jowú kẹ̀? Ó jowú dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ìyá kan náà ló bí wa, síbẹ̀ mi ò ní torí tiẹ̀ parọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sí yàrá kótópó ẹ̀yìn ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, tó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, tó ń tẹ ohun tó gbọ́ sórí bébà. Ọ̀gá yìí ń ṣèwádìí nípa àwọn èèyàn kan tí kì í dáko, tí kì í sin ẹran. Ọdẹ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣa èso, wọ́n ń wa gbòǹgbò jẹ nínú igbó. Ẹ̀gbọ́n mi ò débẹ̀ rí, àmọ́ ó mọ bàbá kan lára wọn, látinú kásẹ́ẹ̀tì, tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wá dé, tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta péré, ọ̀gá ti mú un lọ sígbó. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ní, "Bàtà funfun ló wọ̀ lọ o. Funfun." A ò tún jẹun láìgbọ́ ti bàtà yẹn mọ́. Tọ́mọ náà ò bá kí i, ó ní ìgbéraga ni. Tó bá kí i, ó ní kíkí yẹn ti pọ̀ jù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi í bóyá ká kúkú bá a ra irú bàtà náà. Ó gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀.

Ohun tó wá dùn ún jù ni pé ọ̀gá fẹ́ tẹ ìwé jáde. Orúkọ ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbì kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìwé náà fáwọn olùkọ́ tó kù, mo bá ẹ̀gbọ́n mi pín bébà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ní lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ yìí, ẹni tó bá fi ọfà ta ẹran ló ni ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yíjú sí i. Ó ní nínú kásẹ́ẹ̀tì kọkàndínlógójì, bàbá oníkọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n máa ń yá ara wọn lọ́fà, ẹni tó ni ọfà ló ni ẹran, kódà tó bá jókòó sílé. Òun ló máa gé e, òun ló máa pín in.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ọmọ náà ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ni mo kà. Mo fo ibẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ká apá aṣọ sókè ò wá rẹ́ni bá jà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó bi í pé kí ló wá fẹ́ káwọn ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wo bàtà funfun yẹn, ó wá wo ìwé orí tábìlì.

"Ọmọ yín ló ta ẹran, mo gbà. Àmọ́ ọfà mi ló fi ta á, Sà. Ẹ gbé ọ̀bẹ fún mi."