Àwọn Tí Rosaline Ń Kí

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wá ẹni tó dá wà ju Àǹtí Rosaline lọ ní gbogbo Yaba. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé kékeré kan níbẹ̀. Bó bá délé ní Pápá Àjàó, kò sẹ́ni tí yóò kí i káàbọ̀ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Sátidé nìkan ni inú rẹ̀ ń dùn, nítorí ọjọ́ náà ló máa ń ka ìwé sétí àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n èèyàn ò wá mọ́. Ọ̀gá wọn, Ọláníyì, tó jẹ́ pé lẹ́tà ìgbéga nìkan ló ń kà, ní bí èèyàn márùn-ún ò bá wá kí oṣù tó parí, kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ lòun yóò kó sínú yàrá tó ti ń kàwé náà.

Ni Rosaline bá bẹ̀rẹ̀ pódíkáàsì, ètò tí èèyàn lè fi fóònù gbọ́ nígbà tó bá wù ú. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọ ìwé tí wọn yóò kà. Ṣùgbọ́n ètò wo ló dùn láìkí èèyàn lórúkọ? Òun kò sì mọ olùgbọ́ kankan. Ló bá ṣí dúrọ́ọ̀ tí káàdì àwọn tó ń yá ìwé láyé ọjọ́un wà, ó ń kí wọn bí ẹni pé àná ni wọ́n lọ.

"A kí Bàbá Àkàngbé, télọ̀ ní Ìwáyà. Ẹ wá ní Sátidé o, àga yín wà nílẹ̀."

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù dé. Rosaline to àga mẹ́wàá. Ó jókòó títí, ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan wọlé, ó ní Bàlíkísù lorúkọ òun, ọmọ Àkàngbé télọ̀.

"Àǹtí, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá mi ti kú," ló wí. "Mo gbọ́ tí ẹ ní kí wọ́n wá. Wọn ò lè wá mọ́, ni mo ṣe wá."

Ojú ti Rosaline, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Bàlíkísù ní kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, pé látìgbà tí wọ́n ti ṣàdúrà ogójì ọjọ́, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ yẹn sétí òun. Ó béèrè èwo ni àga bàbá òun nínú àwọn àga náà, ó sì jókòó sórí rẹ̀.

Rosaline kàwé fún un. Ọláníyì yọjú, ó rí èèyàn kan ṣoṣo, ó ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàlíkísù ti ń wọ bàtà kó tó béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Àǹtí, ta ló ń kí ẹ̀yin?"

Rosaline rẹ́rìn-ín, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kó àga jáde nínú yàrá náà, wọ́n kó kọ̀ǹpútà wọlé. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Rosaline dúró sáàárín pẹpẹ ìwé pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá Àkàngbé sí afẹ́fẹ́ rere. Ó kí Bàlíkísù. Ó wá ní, "A kí Rosaline, ní Pápá Àjàó."

Nígbà tó délé tó jẹun tán, ó tẹ ètò náà láti gbọ́ ọ. Bó ṣe kan orúkọ rẹ̀, ó dáhùn sókè nínú yàrá: "Ẹ ṣeun o."