Bí Bàbá Mi Ṣe Ń Pa Ọkọ̀

Òórùn dísẹ̀lì àti ẹja yíyan ló máa ń jí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní àgbàlá wa ní Ìkòròdú, bàbá mi á ti tan ọkọ̀, èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé, á sì dàpọ̀ mọ́ òórùn apẹ̀rẹ̀ ẹja tó kó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lánàá. Àwọn ayálégbé yòókù á máa ráhùn. Èmi á fò dìde lórí ẹní kí n lè gbọ́ súfèé ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì ní tọ́bò, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi atẹ́gùn kún agbára ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ ó rántí pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ládùúgbò nígbà náà. Bí bàbá mi bá ti tẹná mọ́ ọn, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ara mi á sì bù máṣọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ti Ẹ̀pẹ́ dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì hàn mí. Irin ibẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Mi ò mọ̀ pé irin lè pọ́n báyẹn nínú ohun tí a ń jókòó sí! Ó ní, "Ọ̀pá kékeré kan wà nínú tọ́bò yìí, ó ń pòyì ju òkòtó lọ. Ọ́ìlì ló ń tù ú lára. Bí o bá pa ẹ́ńjìnnì lójijì, ọ́ìlì á dúró, iná ò ní tíì kúrò lára ọ̀pá. Ọ́ìlì á wá jóná mọ́ ọn lára."

Nítorí náà, bó bá ti dé, kì í pa ọkọ̀. Á jókòó sínú rẹ̀, á yọ tẹ̀sùbáà, á fà á láti orí dé ìdí, ilẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ará ilé á fi orúkọ mi pè é, wọ́n á ní, "Bàbá Ràfíà, ṣé mọ́tò lẹ ti sọ di mọ́ṣáláṣí ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, mi ò rí i kó sáré rí, òjò ìbáà máa lé e.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ìrun Mọ̀gàríbà ló máa ń bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ́ bá jámáà kí i. Á fa bíréèkì ọwọ́, á gbé mi sórí ìjókòó awakọ̀, á sì na tẹ̀sùbáà sí mi. Mo gbéra ga! Ohun tó ń bọ́ gbogbo wa wà níkàáwọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi ṣe é bó ṣe yẹ. Eré kan ń bẹ lórí tẹlifíṣọ̀n Ìyá Bísí tó bá wa gbélé, àsìkò yẹn gan-an ló ń bẹ̀rẹ̀. Mo dín in kù sí ilẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó di mọ́kànlá. Nígbà tó yá, bàbá mi kò tíì ní dé mọ́ṣáláṣí tí n ó fi pa á. Bó bá bi mí, "Ṣé o kà á tán?" n ó ní, "Mo kà á tán, sà."

Nígbà ìsinmi, mo bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí a ṣe ń bọ̀, lẹ́bàá Agbówà, súfèé náà di igbe. Èéfín búlúù bo ẹ̀yìn wa, ọkọ̀ ò sì lágbára mọ́. Mẹkáníìkì kan tú tọ́bò náà. Ó mi ọ̀pá inú rẹ̀, ó ń mì bí eyín tó fẹ́ ká. Ọ́ìlì tó jóná ti dì mọ́ ọn bí èèpá ìdí ìkòkò. Ó gbójú sókè. "Bàbá, ta ló ń pa ọkọ̀ yìí ní gbígbóná?"

Bàbá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó mọ̀.

Ó ní, "Èmi ni. Mò ń kánjú."

Mẹkáníìkì yẹn bá a wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. "Ẹ̀yin àgbà náà! Ẹ ò lè ní sùúrù ìṣẹ́jú mélòó kan?" Bàbá mi, ọkùnrin tí kì í sáré fún òjò, tẹrí ba, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú." Ó lé lóṣù kan tó fi ń gbé apẹ̀rẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Kò sọ ọ́ fún ìyá mi. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tiwa padà dé, ó tún gbé mi sórí ìjókòó, ó na tẹ̀sùbáà sí mi, ó bá tirẹ̀ lọ kírun. Ẹkún ni mo fi kà á.

Mo ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ ìgbà yẹn lọ báyìí. Èmi ni mo ń bójú tó yàrá òtútù kan tí wọ́n ń kó ẹja sí ní Ìkòròdú. Lóṣù tó kọjá, obìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹja sì bàjẹ́. Mi ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tì í rí. Ọ̀gá wa dé, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?"

Kó tó pa ẹnu dé, mo ti nàka sí obìnrin náà.