Ìpara tí mo fi ra imú ọmọ ológbò

Kí n tó dé Johannesburg, ológbò kò wọ ilé wa rí. Nílé bàbá mi ní Iléṣà, ajá ní àyè tirẹ̀, adìyẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ológbò bá gba orí ògiri kọjá, òkò la fi ń kí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, gbé ọmọ ológbò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ wọ inú fúláàtì wa ní Berea, mo ní kó lọ dá a padà sẹ́yìn agolo ìdọ̀tí tó ti rí i. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, kò ní ìyá." Mo jẹ́ kó gbé e wọlé. Ìyá tirẹ̀ náà ṣì wà ní Nàìjíríà, ó ń dúró de ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, ó sì ti lé lóṣù mẹ́jọ tí àwa méjèèjì ti wà níbẹ̀ láìfojú kàn án.

Ọdún kan ṣáájú ìbò ńlá tí dúdú àti funfun kọ́kọ́ jọ dì ní South Africa nìyẹn. Télọ̀ ni mí. Yàrá kan la gbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibùsùn wa wà lódìkejì. Ọmọ mi kò ní ọ̀rẹ́. Nílé ìwé, wọ́n ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó bá sì dé, orí àkísà aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ mi ló máa ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tí ológbò yìí dé ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí pé irú kí ni mò ń sìn yẹn. Mo ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn, kó wá pa ọmọ mi lẹ́rìn-ín kí n rí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ojú òsì ọmọ ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ipin. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ oníyọ̀ díẹ̀ nù ún, ojú náà là, inú wa dùn. Lọ́jọ́ kẹta ipin náà padà dé, ó tún mú ojú kejì mọ́ ọn. Ikun tó ti pọ́n bíi pupa ẹyin ń jáde nímú rẹ̀, ó ń sín, tó bá sì jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á ti lẹ̀ pọ̀. Ọmọ mi á rẹ òwú sínú omi, á máa nù ún díẹ̀díẹ̀, á máa bá a sọ̀rọ̀. Báyìí la ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Oníbàárà mi kan, obìnrin Soweto, wo ẹranko náà, ó ní, "Eish, bàbá, ilé ìwòsàn ẹranko wà nísàlẹ̀ yẹn tí kì í gbowó lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ gbé e lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí ibà ń ṣe tí mi ò lọ sí ọsibítù, kí n wá gbé ológbò dání, kí n tò sórí ìlà? Mo ní ọ̀fìnkìn lásán ni.

Kò sí àìsàn tí ìyá mi kì í fi ìpara wò. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìpara gbígbóná inú agolo pẹlẹbẹ, tó ń ta ni lójú kí ènìyàn tó ṣí i tán. Orí fífọ́, ìpara. Orúnkún dídùn, ìpara. Bí imú ọmọ bá dí, á fi ra á nímú, láyà, lábẹ́ ojú, á ní kí ọmọ náà mí kanlẹ̀. Agolo méjì ló dì sínú ẹrù mi nígbà tí mò ń kúrò nílé. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo mú ọ̀kan jáde. Ọmọ mi di ọmọ ológbò náà mú, mo fi ìka bu ìpara, mo fi ra imú rẹ̀, mo fi ra abẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó ké, irú igbe tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó sá wọ abẹ́ ibùsùn, ó ń fi ojú ha ilẹ̀.

"Dádì, ó ń ta á."

Mo ní, "Oògùn tí kò bá ta ni, ṣé oògùn ni?"

Mo tún ṣe é nírọ̀lẹ́, mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì yìí, ọmọ mi kò bá mi dì í mú mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa.

Lọ́jọ́ kẹta, kò jẹun. A ṣí sàdíìnì, a gbé e síwájú rẹ̀, kò mọ̀ pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú, ó pọ́n bí ata, èémí rẹ̀ sì ń han. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo gbé e sínú páálí bàtà, mo pa iṣẹ́ tì, a mú ọ̀nà pọ̀n. Gbogbo róbọ́ọ̀tì tá a dúró sí, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbẹ̀, ni ọmọ mi ń ṣí páálí wò ó. Ó bi mí bóyá ó máa kú. Mo ní kò ní kú.

Obìnrin òyìnbó kan tó ti dàgbà ni dókítà náà. Ó wo ojú, ó wo imú, ó wá gbóòórùn ìka ara rẹ̀. Ó ní ta ló fi ìpara sí i? Ó ní nǹkan yẹn kò gbọ́dọ̀ kan ológbò lára rárá, pé ó ti bó imú rẹ̀ nínú, ó ti jó ẹyinjú rẹ̀, ó sì ti lá a wọ ikùn. Ó ní àìsàn tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ká ní a tètè gbé e wá, oògùn ojú àti ìtọ́jú ì bá wò ó sàn. Ó tún béèrè ẹni tó fi sí i.

Ẹni ogójì ọdún ni mí nígbà náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo àwa àlejò tá a ti Nàìjíríà wá, mi ò sì fẹ́ kí obìnrin yẹn wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọmọ yìí ni. Ọmọdé ni, kò mọ̀."

Láti ìgbà tó ti ń rákòrò ni mo ti ń kọ́ ọmọ náà pé ọmọ kì í já òbí rẹ̀ ní koro níwájú àlejò. Ohun tó wù kí òbí sọ, kó dákẹ́ dé ilé. Mo tilẹ̀ ti nà án rí lórí ẹ̀. Ó wojú mi. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí dókítà, ó fi òyìnbó sọ pé òun ni, kí wọ́n má bínú.

Dókítà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bínú sí i, ṣùgbọ́n kó má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹranko kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ọmọ mi ní òun ti gbọ́. Ìgbà náà ni dókítà ṣàlàyé pé ohun tó kù kò ju kí òun gún un lábẹ́rẹ́ tó máa fi kú, kó má bàa jìyà pẹ́. Mo ní ká máa lọ. Ọmọ mi ní òun fẹ́ dúró tì í. Ó gbé ìka kan lé e láàárín etí méjèèjì títí tó fi dákẹ́.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi sá fún ẹ̀sín lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún méje ni mo gbé e rù. Bá a ṣe ń lọ sílé, mò ń retí kó sunkún, kó bi mí pé kí ló dé. Mo ti gbé ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà sì gbé ẹ̀bẹ̀ mì. Mo ní ó di ọ̀la. Ọ̀la di ọdún. Ìyá rẹ̀ dé, a kó lọ sí Yeoville, ọmọ dàgbà, ó lọ sílé ọkọ, ó bímọ. Ó ń tọ́jú mi dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí wọn nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní òun fẹ́ ológbò. Ọmọ mi ní rárá, òun ò lè ní in nílé, òun ti pa ọ̀kan rí ní kékeré, òun fi ìpara sí i lójú. Ọmọ náà lanu sílẹ̀. Ó fi òyìnbó béèrè pé, ṣé bàbá àgbà ò rí i nígbà tó ń ṣe é ni?

Ọmọ mi wojú mi. Bó ṣe wò mí ní ilé ìwòsàn yẹn náà nìyẹn, mo sì mọ̀ pé kò gbàgbé ohunkóhun. Ó ní, "Wọn ò sí nílé."

Mo wà nílé o. Èmi ni mo fi ìka mi bu ìpara náà. Mo lanu láti sọ ọ́, ó sì yára bi mí bóyá kí òun fi ẹran kún oúnjẹ mi. Mo ní kó fi kún un.